Ẹni Tó Ni Owó Ni Kó Wá Fúnra Rẹ̀

Ohun tí Táyé Ọláyídé ń wá láti Kánádà kò pọ̀. Ó fẹ́ ibi tí yóò fi owó rẹ̀ sí ní Nàìjíríà, tí èlé rẹ̀ yóò máa wọlé ní iye kan náà, ní àsìkò kan náà, láìsí ìtàn. Ìtàn ti sú u. Ó ti dókòwò ẹja ní Ìdèrè, ẹja kú. Ó ti dókòwò ewúrẹ́ ní Igangan, wọ́n pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Kérésìmesì pé àwọn ewúrẹ́ ń wúkọ́. Nígbà tí ọdún tuntun fi máa wọlé, ẹni tó ń tọ́jú wọn náà ti wúkọ́ lọ, wọn kò rí i mọ́.

Orúnkún ń dun Táyé nídìí iṣẹ́ ìdúró tó ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí, ó sì fẹ́ wálé wá sinmi. Èlé yìí ni yóò máa jẹ.

"Bọ́ǹdì ìjọba ni mo fẹ́ rà," ló sọ fún Kẹ́hìndé lórí fóònù. "Bọ́ǹdì kì í wúkọ́."

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Báǹkì tí Táyé ní àkáǹtì sí ní Eruwa sọ pé ẹni tó ni owó gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀, kí wọ́n wo ojú rẹ̀ mọ́ káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò sì kásẹ̀ títà bọ́ǹdì náà nílẹ̀. Owó ọkọ̀ òfurufú láti Kánádà nìkan yóò jẹ èlé náà run.

Káàdì ọ̀hún wà ní Igbó-Ọrà, nínú àpótí Kẹ́hìndé. Ojú tó wà lára káàdì náà wà ní Igbó-Ọrà, lọ́rùn Kẹ́hìndé.

"Olùkọ́ ni mí o," Kẹ́hìndé wí. "Ó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá mú mi, àgọ́ ọlọ́pàá ni n ó fẹ̀yìn tì sí."

"Ìwọ lo rán mi síwájú pé kí n lọ tọ́ ayé wò," Táyé dá a lóhùn. "Ìwọ náà lo ní kí n lọ sí Kánádà. Látìgbà tí wọ́n ti bí wa lo ti ń rán mi níṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rán ọ yìí, Ẹ̀gbọ́n."

Kẹ́hìndé lọ ṣí àpótí, ó mú káàdì náà jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó gbé jákẹ́ẹ̀tì òtútù tí Táyé fi ránṣẹ́ sí i wọ̀. Salome ìyàwó rẹ̀ wò ó látòkè délẹ̀.

"Bàbá Keturah, òógùn lẹ máa fi wẹ̀ lónìí."

"Ará Kánádà ni mí."

"Ó dáa. Tí ẹ bá ń bọ̀ láti Kánádà, ẹ bá wa ra búrẹ́dì ní Eruwa."

Ní báǹkì, wọ́n ní kó lọ bá akọ̀wé kan tó dá jókòó nínú yàrá kékeré. Hàkímù Sàlámì ni wọ́n kọ sí àmì tó wà láyà rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀gbẹ́ni Hàkímù."

Akọ̀wé kò dáhùn. Kẹ́hìndé tún un kí. Ọkùnrin náà ta gìrì, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Ó gba káàdì, ó wò ó, ó wo Kẹ́hìndé, ó tún wo káàdì. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn Kẹ́hìndé.

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Ẹ̀yin gan-an?"

"Èmi gan-an. Àná ni mo wọ̀lú."

"Báwo ni Kánádà?"

"Òtútù."

"Irú òtútù wo?"

"Òtútù gidi."

Akọ̀wé mi orí. Ó fi ìka kan tẹ kọ̀ǹpútà, ó dúró, ó ń wò ó bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ló kàn láti sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé ìbejì ni yín?"

Kẹ́hìndé sáré fẹyín. "Ọmọ Igbó-Ọrà ni mí, alàgbà. Ta ni kì í ṣe ìbejì níbẹ̀?"

Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. "Èkejì yín ńkọ́?"

"Ó wà lóko."

"Oko." Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó tú bọ́tìnnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Àwọn tó wà lóko ń gbádùn."

Ó ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì kan, ó tì í. Ó ṣí òmíràn, ó tì í. Kẹ́hìndé gbà pé nọ́ńbà ọlọ́pàá ló ń wá, ó sì ti ń ro ohun tí yóò sọ fún Salome. Àṣé òǹtẹ̀ ni. Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé dorí kodò, ó yí ìwé náà po, ó tún un tẹ̀.

"Ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́ níbi tí wọ́n ní kí ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́."

Kẹ́hìndé tọwọ́ bọ̀ ọ́. "Ṣé ó ti parí nìyẹn?"

"Ó yẹ kó ti parí," akọ̀wé wí. Ojú àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n sì jọ gbé ojú kúrò.

Kẹ́hìndé ti dé ìta, atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, kó tó rántí pé òun kò bèèrè oṣù tí èlé àkọ́kọ́ yóò wọlé. Ìbéèrè tí Táyé yóò kọ́kọ́ bi í nìyẹn. Ó padà wọlé, ó sì ṣí ilẹ̀kùn yàrá kékeré náà.

Ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ ti kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé: "Hàkímù, ibà ìbáà ṣe ọ́ ìbáà má ṣe ọ́, ìwọ fúnra rẹ ni yóò wá jókòó sórí àga rẹ lọ́jọ́ Ajé, torí pé a jọ ní ojú kan náà kò ní kí n mọ iṣẹ́ báǹkì, èmi ń padà sídìí ebè mi."