Òdòdó Mẹ́jọ ní Wọ́ọ̀dù Mẹ́tíròn

Ọ̀bùn ni ìyàwó ọmọ Mẹ́tíròn. Mẹ́tíròn ti sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó ti sọ ọ́ fún aládùúgbò, ó sì ti sọ ọ́ sójú ìyàwó fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ọsibítù. Bó bá fi ìka ra ojú fèrèsé tí ìka náà dúdú, ẹni tó ni iṣẹ́ ọ̀hún ti wọ gàù nìyẹn. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló wá ń gbé inú ilé tí eṣinṣin funfun ti ń fò lára òdòdó. Ayé yí o!

Ikú ọkọ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi kọjú sí ògiri, kò wẹ̀, oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀, òun tó máa ń pòwe ọ̀bùn tó rí ikú ọkọ tìràn mọ́ fún opó ẹlòmíràn. Ọmọ rẹ̀ gbé e wá sílé ara rẹ̀, ó sì tún fi ọ̀sẹ̀ méjì dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Ẹrù kan ṣoṣo tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ni ìkòkò òdòdó pupa kan tí ọkọ rẹ̀ gbìn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀. Bí ìyẹn bá kú, kò sí ohun tí ọwọ́ ọkùnrin náà gbìn tó tún kù láyé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìyàwó kan ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan funfun kan ń fò lára àwọn òdòdó pálọ̀. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe sí i."

Mẹ́tíròn yí orí kúrò lára ògiri. Ìyàwó yìí náà ni wọ́n ní ó kàwé, tó ń fi ojoojúmọ́ wo kòkòrò ara ewé ẹ̀gẹ́ lábẹ́ awò níbi iṣẹ́!

"Kí lo wá ń fi awò yẹn wò? Ojú ara ẹ?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

Mẹ́tíròn pòṣé, ó sì dìde.

Ewé àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn, eṣinṣin funfun tú jáde bí ìgbà tí wọ́n gbọn àpò ìyẹ̀fun. "Yéè! Ẹ̀gbin!" Ó yí ewé náà dà. Ẹyin ti wà lábẹ́ rẹ̀ wínniwínni. Ó ní kí wọ́n gbé omi àti ọṣẹ wá.

Ìyàwó kọ́kọ́ gbé òdòdó pupa, ó ń gbé e lọ sí yàrá tirẹ̀.

"Níbo lò ń gbé òdòdó ọkọ mi lọ?"

"Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi, Màmá, títí ẹ ó fi parí."

"Kó lè kú sí ẹ lọ́wọ́. Kò burú. Bó bá kú, èmi àti ìwọ ò ní jọ gbé abẹ́ òrùlé kan mọ́."

Láti ọjọ́ náà ni pálọ̀ ti di wọ́ọ̀dù. Ìkòkò mẹ́jọ tó kù níbẹ̀, ìwé mẹ́jọ, iye eṣinṣin tó rí lára ìkòkò kọ̀ọ̀kan nínú ìwé tirẹ̀. Tí aago mẹ́fà bá fi máa lù, Mẹ́tíròn ti wẹ̀, ó ti wé gèlè funfun, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yípo. Abẹ́ ewé ló ń fọ́n omi ọṣẹ sí. Ó ní òmùgọ̀ ló ń fọ́n ọn sórí ewé. Ó fi girisi pa páálí yẹ́lò kó lè mú àwọn tó bá fò. Lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún ló ń tún un ṣe, torí ẹyin kì í gbọ́ ti ọṣẹ. Ìyàwó ń gbé omi tẹ̀lé e, èébú sì ń tẹ̀lé ìyàwó.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìwé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ di òdo. Lọ́jọ́ kejì, Mẹ́tíròn kò jáde. Ó tún kọjú sí ògiri, tíì tí ìyàwó gbé wá sì tutù síbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyàwó kan ilẹ̀kùn.

"Màmá, wọ́n ti padà dé o."

"Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí mi ò sọ?" Mẹ́tíròn ti ń wá bàtà. "Ilé ọ̀bùn kì í ṣàìní eṣinṣin!"

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nirú ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àmọ́ Mẹ́tíròn kì í kọ ìwé aláìsàn lásán. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan tí ìwé gbogbo tún wà ní òdo, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó wò wọ́n dáadáa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń padà dé, kò yẹ̀ rí. Ọjọ́ Ajé sì ni ìyàwó máa ń gbé báàgì aláwọ̀ búlúù ti ibi iṣẹ́ dé. Mẹ́tíròn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó gbé báàgì sí yàrá, ó wọ balùwẹ̀. Mẹ́tíròn ti ilẹ̀kùn yàrá náà wọlé. Òdòdó pupa wà lójú fèrèsé, ó ti yọ ìtànná mẹ́ta tuntun, àwọ̀n tó mọ́ tónítóní ló sì bò ó. "Ṣíọ̀! Ó kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo òdòdó." Ó tú báàgì. Ìgò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu, eṣinṣin funfun sì ń rìn nínú rẹ̀. Inú Mẹ́tíròn dùn dé ọ̀fun. Lábẹ́ ìgò ni ìwé kan wà tí wọ́n fi rúlà fàlà sí bíi tirẹ̀ gan-an: ọjọ́, aago, iye. Olè tó ń kọ olè jíjà rẹ̀ sílẹ̀!

"Ọwọ́ pálábá ẹ ti ségi lónìí!" Ó pariwo pe ọmọ rẹ̀. "Wá wo ohun tó o fi ṣaya!"

Ọmọ rẹ̀ sáré dé. Ìyàwó náà jáde, omi ṣì ń kán lọ́rùn rẹ̀. Ó rí ìwé náà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á."

"Etí ọkọ ẹ ni màá kà á sí."

Mẹ́tíròn wọ gíláàsì ojú, ó wú ikọ́, ó sì fi ohùn tí wọ́n máa ń gbọ́ dé ìparí wọ́ọ̀dù ka ìlà àkọ́kọ́.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà àárọ̀, mo tú igba eṣinṣin sílẹ̀ ní pálọ̀: Màmá dìde fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí Bàbá ti kú, wọ́n wẹ̀, wọ́n jẹ búrẹ́dì méjì, wọ́n sì bú mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọpẹ́ ni."