Mọ̀ọ́ntán Fi Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Wá Àyè Sẹminá

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwé yangàn, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, ẹ má sì dúró lágbedeméjì.

Olùkọ́ kan wà ní yunifásítì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Mọ̀ọ́ntán. Bí ẹ bá kí i pé òjò ń rọ̀, yóò kọ́ ẹ yín ní ẹ̀kọ́ nípa òjò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, alágbàfọ̀, ló rán an níwèé nígbà tí òbí wọn kú. Ọṣẹ ti bó obìnrin náà lọ́wọ́, ooru áyọ́ọ̀nù sì ti sọ ọ́ di arúgbó kí ọjọ́ orí rẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀.

Ni yunifásítì ńlá kan bá kéde sẹminá lórí ọrọ̀-ajé ìdàgbàsókè, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí òtòṣì ṣe lè bọ́ nínú ìṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ lọ bá tálákà kan sọ̀rọ̀, kí ó sì kọ ohun tó gbọ́. Mọ̀ọ́ntán yínmú. Ṣé irú òun ni yóò máa rìn kiri nínú oòrùn? Ó gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì, ó sì kọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìbi í ní nǹkan kan.

Ó ní ọ̀lẹ ni obìnrin náà. Ó ní ó máa ń wọ aṣọ oníbàárà lọ sóde, pé ó sì máa ń ta èyí tí wọ́n bá gbàgbé. Irọ́ funfun báláú. Kí ó lè jọ òótọ́, ó dárúkọ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń fọ aṣọ.

Ìyàwó rẹ̀ kà á, ojú rẹ̀ yí padà. "Ṣé ẹ̀gbọ́n wa lẹ kọ báyìí nípa wọn?"

"Kí ló kàn wọ́n níbẹ̀? Wọn ò lè kà á."

Àwọn tó ni sẹminá gbà á wọlé. Inú rẹ̀ dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ fi àròkọ náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà lórí fóònù rẹ̀. Ẹ ò rí i bí ìgbéraga ṣe ń sọ olóye di ọ̀dẹ̀. Láti ọwọ́ dé ọwọ́, àròkọ náà dé ọ̀dọ̀ máníjà òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fọ aṣọ ibùsùn fún. Wọ́n wá kó aṣọ wọn lọ, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n kà fún un. Àwọn oníbàárà yòókù tẹ̀ lé wọn.

Obìnrin náà wọ ọ́fíìsì àbúrò rẹ̀. "Aṣọ ta ni mo tà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Kò lè yé yín."

"Mo ní aṣọ ta ni mo tà?"



Obìnrin náà kò ṣépè. Ó lọ bá máníjà, ó ní kí wọ́n ka gbogbo aṣọ wọn wò. Ẹyọ kan ò dín. Ojú ti máníjà, ó sì kọ̀wé sí àwọn tó ni sẹminá. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pe Mọ̀ọ́ntán. "Ìgbà wo lẹ bá obìnrin yìí sọ̀rọ̀?" Mọ̀ọ́ntán jẹ́wọ́ pé òun ò bi í ní nǹkan kan. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní sẹminá, wọ́n sọ fún yunifásítì tirẹ̀, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òtẹ́ẹ̀lì padà sọ́dọ̀ obìnrin náà. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ò padà. Mọ̀ọ́ntán wá dọ̀bálẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Mo ti dárí jì ọ́," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ṣùgbọ́n má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́." Ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Ẹ má ta orúkọ ẹni tó tọ́ yín nítorí ipò. Ẹni tó bá parọ́ mọ́ olóore rẹ̀, òmùgọ̀ ni, kò sì sí ìwé-ẹ̀rí tó lè bò ó mọ́lẹ̀.