Àtẹ́lẹwọ́ Kan sí Etí Tábìlì

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún ìgbà ìrúwé, Ìyàwó to tábìlì oúnjẹ, ìyá ọkọ rẹ̀ tú u ká. Ó tún un tò, Ìyá tún tú u ká. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, inú ti ń bí Ìyàwó.

Onídìrí ni Ìyàwó. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn ín pé ó mọ ohun tó rẹwà. Nínú ilé ara rẹ̀ nìkan ni kò ti mọ nǹkan kan. Láti ọdún méjì tí Ìyá ti kó wá bá wọn gbé, àga kan ò gbọdọ̀ kúrò láàyè rẹ̀, ṣíbí kan ò gbọdọ̀ sùn síbi tí kò sùn sí lánàá. Ọ̀rọ̀ náà ti sú Ìyàwó pátápátá.

Ìdí nìyẹn tó fi bẹ Nọ́ọ̀sì, àkọ́bí Ìyá, pé kó wá mú ìyá rẹ̀ lọ.

"Màá wá bá yín jẹun lọ́jọ́ ọdún," Nọ́ọ̀sì ti dá a lóhùn, "màá fojú ara mi wò wọ́n. Bí wọ́n bá ṣì ń dá nǹkan ṣe, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa wà. Bí wọn ò bá lè dá nǹkan ṣe mọ́, yàrá wà fún wọn nílé ìtọ́jú àgbàlagbà."

Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí Ìyá. Kò sọ pé òun gbọ́, àmọ́ láti ìgbà náà ló ti ń kanra.

Ìyàwó tẹ́ aṣọ funfun lẹ́ẹ̀kẹta. Ó gbé ìkòkò òdòdó sáàárín, ó ki ẹ̀ka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rúwé sínú rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó pupa mẹ́fà. Ó bọ́ sẹ́yìn, ó wò ó, ó dára lójú rẹ̀. Bí Ìyá ṣe yọ láti yàrá, Ìyàwó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ìyá kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára ògiri.

"Ó dáa," Ìyàwó sọ nínú ara rẹ̀, "èmi náà ti di ògiri."

Ogójì ọdún ni Ìyá fi ránṣọ. Ó wọ́ àtẹ́lẹwọ́ lórí aṣọ tábìlì láti etí dé etí, ó dúró níbi igun kan. "Ta ló rán etí aṣọ yìí? Ó wọ́."

Ìyàwó ló rán an, ó sì ti kọ igun náà sí ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ojú arúgbó yìí mà mú o!

Ìyá fi imú kan òdòdó. "Òdòdó wo lèyí tí kò lóòórùn? Gbé e kúrò." Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wọn tábìlì. "Àwo, àtẹ́lẹwọ́ kan sí etí tábìlì. Ife omi mi, àtẹ́lẹwọ́ méjì sọ́wọ́ ọ̀tún àwo. Ọbẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Ìwọ, àga ọwọ́ ọ̀tún mi ni kó o jókòó sí. Kò gbọdọ̀ yẹ̀."

"Mà, kí ló dé tí bí mo ṣe tò ó kì í dáa?"

"Ìwọ náà ṣáà mọ ìdí ẹ̀."

Ó mọ̀ ọ́n. Pé wọn ò kọ́ ọ nílé baba ẹ̀, ìyẹn ni Ìyá ń sọ. Ó dùn ún wọra.

Ìyá rìn yí tábìlì ká, ó ń fọwọ́ kan ẹ̀yìn àga lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde. Ìyàwó sá wọ ilé ìdáná lọ bá ọkọ rẹ̀ tó ń gé búrẹ́dì.

"Ìyá yín ń ṣépè fún mi."

"Lọ́jọ́ ọdún? Fi wọ́n sílẹ̀ jàre, àgbà ló dé."

"Ṣé àgbà ló ń ti ìka bọ inú ife tí wọ́n bá ń bu omi? Títí omi á fi kan ìka yẹn! Ọ̀bùn lèyí!" Ó nu ọwọ́ sára aṣọ. "Lónìí, bí mo ṣe tò ó ló máa wà. Kí wọ́n bínú lójú ọmọ wọn, kí Àǹtí Nọ́ọ̀sì náà rí ohun tí mò ń rí."

"Má dán an wò o," ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì ń gé búrẹ́dì rẹ̀ lọ.

Ìyá wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ. Òdòdó padà sáàárín. Ife omi Ìyá lọ sápá òsì, abọ́ ọbẹ̀ bọ́ sápá ọ̀tún, níbi tí pupa rẹ̀ ti bá òdòdó mu. Ìyàwó gbé àwo tirẹ̀ lọ sí ìkángun, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi àga ọwọ́ ọ̀tún Ìyá sílẹ̀ lófìfo.

Nọ́ọ̀sì dé. Kó tó kanlẹ̀kùn ni Ìyá ti wí pé, "Bàtà tuntun lo wọ̀ yẹn!" Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ mú. "O ti rù." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó wo Ìyàwó bí ẹni tó ń bi í pé, ṣé ẹni tó le kokooko yìí lo ní kí n wá mú lọ? Inú Ìyàwó bàjẹ́.

Wọ́n jókòó. Nọ́ọ̀sì gbé báàgì rẹ̀ sórí àga tó ṣófo. Ọbẹ̀ ń rú èéfín. Ìyàwó ń dúró de ìjà, àmọ́ Ìyá ò tiẹ̀ wo tábìlì náà rárá. Ó gbé orí sókè, ó ń dá àpárá fún ọmọ rẹ̀, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Láàárín ẹ̀rín náà ló na ọwọ́ ọ̀tún, kíá, láìwò, sí ibi tí ó ní kí ife omi òun wà.

Ọwọ́ náà wọ inú ọbẹ̀ gbígbóná dé ọrùn ọwọ́. Nọ́ọ̀sì fò dìde. Ìyá ò ké. Ó yọ ọwọ́ náà jẹ́jẹ́, ó yíjú sí apá ọ̀tún, sí báàgì tó wà lórí àga, ó sì bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ìyàwó mi, mo ṣebí o ti mọ̀ látijọ́ pé ojú mi ti fọ́, tó o kàn ń bá mi bò ó ni."