Pẹ́ńtà Tó Fi Àwọ̀ Yan Ẹja

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé gbólóhùn ìkẹyìn kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, pàápàá jù lọ tí ìyá ìyàwó yín bá ń gbé lọ́dọ̀ yín.

1.

"Ohunkóhun tó bá ti jẹ mọ́ àwọ̀, ẹ fi lé mi lọ́wọ́, kí ẹ lọ sùn!"

Ọ̀rọ̀ ẹnu Pẹ́ńtà nìyẹn. Ògiri ló ń kùn jẹun, ó sì mọ iṣẹ́ náà dénú eegun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, kì í ṣe ògiri ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ń lọ kí ọmọ rẹ̀ kejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì fẹ́ fi ẹja rẹ̀ sílẹ̀. Ẹja aláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní síkílíìdì ni, èyí tó ti inú àwọn adágún ńlá Áfíríkà wá. Nínú àpótí gíláàsì tó wà ní pálọ̀, akọ búlúù kan ni olórí wọn. Màmá ń pè é ní Baálẹ̀. Láràárọ̀, Màmá á ti kí Baálẹ̀ kó tó kí ọmọ tó bí.

"Àna mi, oúnjẹ díẹ̀ láàárọ̀, ó tán. Má mú àlejò wọlé tì wọ́n o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Tí ẹ bá fi máa dé, ẹ ò ní dá pálọ̀ yìí mọ̀."

Nínú gbogbo ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, èyí nìkan ló ṣẹ.

2.

Mọ́tò tó gbé Màmá kò tíì pẹ́ tó lọ tí Pẹ́ńtà fi dé ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja. Káàdì tó fi ń yan ọ̀dà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbé e lé ara gíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ ra ẹja tí àwọ̀ rẹ̀ máa bá ti Baálẹ̀ mu régí, kí Màmá lè mọ̀ pé ọlọ́pọlọ lòun fi ọmọ fún. Ó rí akọ búlúù kan, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ẹlẹ́ja wí, "ṣebí ẹ ní akọ búlúù nílé? Ẹja tó bá jọ wọ́n gan-an ni àwọn ẹja yìí ń bá jà. Wọ́n á ní ó wá gba ilé mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ẹ kúkú mú yẹ́lò kékeré yìí, onísùúrù ni."

"Yẹ́lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlúù? Ṣé jẹ́lé-ó-sinmi ni mo fẹ́ kùn ni?"

Ẹlẹ́ja rẹ́rìn-ín. "Ó dáa o. Àmọ́ a kì í gba ẹja padà níbí."

3.

Baálẹ̀ wo àlejò tí Pẹ́ńtà rà dà sínú gíláàsì lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ẹ fojú inú wo baálé ilé tó tibi iṣẹ́ dé, tó bá ẹnìkan lórí ibùsùn rẹ̀, tí onítọ̀hún tún wọ aṣọ rẹ̀. Ta ló máa sọ pé káàbọ̀? Wọ́n gbá ara wọn lẹ́nu mú, yanrìn sì sọ lálá.

"Bàbá wọn, ẹ wá wo ohun tí ẹ ṣe!" ni ìyàwó Pẹ́ńtà pariwo.

"Eré ni wọ́n ń ṣe. Ṣé o ò rí i pé wọ́n ń fẹnu kora lẹ́nu ni?"

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe é fún èmi?"

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, Baálẹ̀ ti sá sẹ́yìn páìpù. Lẹ́bẹ́ rẹ̀ ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ bí ìgbálẹ̀ tó ti gbó, ó ń mí gúlegúle. Ìyàwó kò pariwo mọ́, èyí ló sì dẹ́rù ba Pẹ́ńtà jù.

"Tí ẹja yìí bá kú, ẹnu wo lẹ máa fi sọ fún Màmá?"

Pẹ́ńtà ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ó mú asẹ́ ní kíṣìnnì, ó ki ọwọ́ bọ omi. Tó bá lọ sọ́tùn-ún, àlejò á gba òsì. Àfìgbà tó kó gbogbo òkúta inú gíláàsì síta, tí omi rin ín dé bàǹtẹ́, kó tó rí i mú. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kéré jù fún irú ẹja bẹ́ẹ̀, ló bá dà á sínú ọpọ́n ìwẹ̀ ní balùwẹ̀.

4.

Màmá dé. Kò tilẹ̀ jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ wo gíláàsì. Baálẹ̀ ṣì wà láàyè, ó ń jẹun, àmọ́ kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ pé ó jà.

"Àna mi, ta ló fa ọmọ mi láṣọ ya?"

Pẹ́ńtà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo mú un wá."

"Níbo ló wà?"

"Ó wà ní balùwẹ̀."

Màmá rìn lọ síbẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "A ò ní pa á, a ò sì ní dà á nù. Ìwọ lo mú un wá, ìwọ ni bàbá rẹ̀."

Látìgbà náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ ó rí ọkùnrin kan tó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Tó bá wẹ̀ tán, á pọn omi tuntun wọlé fún ẹni tó wà nínú ọpọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sin ẹja, mo kìlọ̀ fún yín: ẹ má fi àwọ̀ yàn án. Ẹ bèèrè ìwà rẹ̀, ẹ bèèrè ohun tó ń jẹ, ẹ bèèrè bó ṣe máa tóbi tó, kí ẹ sì wo ẹni tí ẹ fẹ́ fi í tì. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó jọra ló lè bára gbé. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan.