Ojú Màmá Lórí Àga

Lọ́jọ́ ìsìnkú Màmá Olúfúnkẹ́, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ní kí Àrínpé ti máa fọ abọ́. Ẹ̀dà Màmá ni. Ẹ̀jẹ̀ Màmá ni wọ́n fi ṣe é nílé ìwòsàn, Màmá fúnra rẹ̀ ló sì tọ́ ọ dàgbà. Kò wá ju kó wọlé lọ kí ìyá rẹ̀ pé ó dìgbóṣe.

“Ẹ̀dà kì í wọ pálọ̀,” ni Ládùpọ̀, àkọ́bí olóògbé, wí, ó ń sunkún níwájú àwòrán oníná ìyá rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú lára ògiri.

Ká tó wí, ká tó fọ̀, iná lọ, àwòrán náà sì kú. Àlejò sì ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ládùpọ̀ sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé. “Àrínpé, ọmọ ìyá mi, jọ̀ọ́ wá jókòó. Ṣùgbọ́n má sọ̀rọ̀ o. Àwòrán kì í sọ̀rọ̀.”

Wọ́n da pàúdà sí i lórí kó lè hewú, wọ́n gbé e ka àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Ó rọra fọwọ́ kan pósí náà, ó kí ìyá rẹ̀ nínú ọkàn.

Ládùpọ̀ ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àga náà lójú àlejò. Àgbà ló sì ń ní kí ọmọ dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí n dìde,” ló ń sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Àrínpé ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, kò fọhùn.