Ààrẹ Latino Ń Làágùn

Hanif ń làágùn ní Hauptbahnhof, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá Hamburg, òógùn tó lè gbé gbogbo àdúgbò Veddel lọ.

Òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Latino ní yunifásítì wọn. Ó ní ọmọ Cuba lòun.

Irọ́ ni. Ọmọ Ṣàgámù ni. "Hola" tí wọ́n fi ń kí èèyàn nìkan ló mọ̀ nínú Spanish.

Señora Dolores, ìyá Cuba tó ń kọ́ni ní ijó salsa ní Berlin, ló ń bọ̀ wá ṣí ayẹyẹ wọn. Tó bá fi Spanish kí i, ipò ààrẹ lọ nìyẹn.

Ọkọ̀ ojú irin dé. Màmá sọ̀ kalẹ̀.

Kí Hanif tó ṣe "hola", ara ẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́!

Màmá gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. "Dìde, ọmọ mi. Wàá dàgbà, wàá dògbó."

Yorùbá ló bọ́ lẹ́nu ẹ̀ yẹn! Ni Màmá bá fọwọ́ bo ẹnu.

"Jọ̀ọ́, má tú mi fó o," ó sọ sí i létí. "Gbogbo Berlin rò pé ọmọ Havana ni mí."