Aṣọ Ìdílé MacRaild

Kí ìyá aránṣọ tó gbé ife wiskí kúrò lẹ́nu, Fearchar, bàbá ìyàwó, ti da ẹ̀ṣẹ́ bo Torquil, ọkọ ìyàwó. Eyín kan fò bọ́ sórí kéèkì ìgbéyàwó.

"Ta ló ní kó o wọ kíìtì àwa MacRaild?" Fearchar nawọ́ sí yẹ̀rì ọkùnrin onílà pupa tó wà nídìí Torquil, tí ìlà rẹ̀ bá ti Fearchar fúnra rẹ̀ dọ́gba. "Òun làwọn baba ńlá mi wọ̀ kú sójú ogun."

Torquil nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀. "Torí yín ni mo ṣe wọ̀ ọ́, bàbá. Mo ti di ọmọ yín lónìí."

"Ọmọ ta? Ìwọ apẹja lásánlàsàn."

"Apẹja yẹn náà lọmọ yín fẹ́."

Ni Fearchar bá fa ọ̀bẹ kékeré tó máa ń bá kíìtì rìn yọ nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó tì í bọ Torquil lábẹ́ ìhà. Ìyàwó figbe ta. Ìyá aránṣọ kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì di ojú ọgbẹ́ náà, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná sì ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ rán an," ni Fearchar wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ sọ fún wọn bí aṣọ wa ṣe pẹ́ tó."

Ogún ọdún nìyá ti ń pa òótọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́ra.

"Èmi ni mo ya bátànì rẹ̀, Fearchar. Kọ́tìnì ojú fèrèsé òtẹ́ẹ̀lì ni mo yà á fún, wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Ìwọ lo wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, tó ò ń béèrè aṣọ ìdílé yín. Aṣọ kọ́tìnì yẹn ni mo fà fún ọ, mo ní òun nìyí."

"Irọ́ lẹ̀ ń pa," ó wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Ìyá aránṣọ gbé etí sún mọ́ ẹnu ọkọ ìyàwó. Ó ń wá èémí Torquil, kò sì rí i.